Àwòdì òkè kò mọ̀ pé ará ilẹ̀ ń wo òun: Àwọn ẹyẹ àlejò tó ń bọ̀ sí dáàmù Èkó-Ẹndẹ lọ́dọọdún

Bí òjò àrọ̀kúrò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, láàárín oṣù kẹwàá sí oṣù kọkànlá ọdún, àwọn àlejò kan a máa dé tí ẹnikẹ́ni kì í lọ pàdé ní ibùdókọ̀. Wọn kì í gba ìwé ìrìnnà, wọn kì í sanwó ibodè, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í béèrè ilé tí wọn yóò sùn. Ẹyẹ ni wọ́n. Etí omi dáàmù Èkó-Ẹndẹ, níbi tí wọ́n ti sé odò Ọ̀tìn, jẹ́ ọ̀kan lára irú ibi tí wọ́n máa ń balẹ̀ sí. Àwọn mìíràn nínú wọn ti fò kọjá òkun àti aṣálẹ̀ kí wọ́n tó dé, bẹ́ẹ̀ ẹlòmíràn nínú wọn kò wúwo tó ẹyin adìẹ kan.

Ọ̀pọ̀ ará Ìkìrun, Inísà àti Òkukù ló ń rí irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ láìmọ̀ pé àlejò ni wọ́n. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àwòdì òkè kò mọ̀ pé ará ilẹ̀ ń wo òun. Ní ti àwọn ẹyẹ wọ̀nyí, ọ̀rọ̀ náà ti dorí kodò, nítorí pé ará ilẹ̀ ni kò gbójú sókè mọ́. Bẹ́ẹ̀ ohun tó wà nínú wíwo ẹyẹ ju ìgbádùn ojú lásán lọ. Omi tí ẹyẹ ń bá jẹun lára rẹ̀ náà ni omi tí èèyàn ń mu. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, èkejì kò lè dára.

Odò Ọ̀tìn di adágún

Èkó-Ẹndẹ wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn, èyí tí Ìkìrun jẹ́ olú-ìlú rẹ̀. Inísà àti Òkukù wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Odò-Ọ̀tìn, tó gba orúkọ rẹ̀ lára odò náà gan-an. Ọ̀tìn kì í ṣe odò lásán lójú àwọn ará agbègbè yìí. Òrìṣà ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí, wọ́n sì ti ń ṣe ọdún rẹ̀ láti ayébáyé. Ní àwọn ọdún 1970 ni ìjọba sé odò náà ní Èkó-Ẹndẹ kí àwọn ìlú tó yí i ká lè máa rí omi ẹ̀rọ mu. Bí omi ṣe dúró lẹ́yìn ògiri dáàmù ló tẹ́ rẹrẹ, tó bo pẹ̀tẹ́lẹ̀, tó sì di adágún tí àwọn apẹja ń tukọ̀ lórí rẹ̀.

Tèèyàn ni ìjọba rò tí wọ́n fi ṣe é, ṣùgbọ́n ẹyẹ kò gbẹ́yìn nínú àǹfààní rẹ̀. Ní àkókò òjò, omi adágún a kún dé ìdí koríko. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, omi a bẹ̀rẹ̀ sí í fà díẹ̀díẹ̀, a sì fi ẹrẹ̀ tútù sílẹ̀ lẹ́yìn. Inú ẹrẹ̀ yìí ni ekòló, ìgbín omi wẹ́wẹ́ àti ìdin kòkòrò máa ń wà. Ohun tó jẹ́ pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ lójú ẹni tó ń kọjá lọ, àwo oúnjẹ ni lójú ẹyẹ. Ẹyẹ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn a wọnú omi lọ, èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú a dúró sí etí. Èyí tí ẹnu rẹ̀ gùn a kì í bọ inú ẹrẹ̀, èyí tí ẹnu rẹ̀ kúrú a ṣa ti òkè jẹ. Ìdí nìyí tí oríṣiríṣi wọn fi lè jẹun pọ̀ lójú kan náà láìjà. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kan ara; etí omi tó dára náà tó wọn jẹ.

Òwúrọ̀: ta ni onílé, ta ni àlejò?

Ẹni tó bá fẹ́ rí ẹyẹ gbọ́dọ̀ jí ní kùtùkùtù. Láàárín aago mẹ́fà ààbọ̀ sí aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń wá oúnjẹ jù, kí oòrùn tó mú. Ní irú adágún bíi ti Èkó-Ẹndẹ ní ilẹ̀ Yorùbá, àwọn tí èèyàn yóò kọ́kọ́ rí ni àwọn onílé, ìyẹn àwọn tó ń gbé ibẹ̀ tòjò tẹ̀ẹ̀rùn. Ọ̀kan nínú wọn ni ẹyẹ apẹja aláwọ̀ dúdú àti funfun, tó máa ń dúró lójú kan ní òfuurufú, tí yóò máa ju apá kíákíá, tí yóò sì já bọ́ sínú omi bí òkò láti gbé ẹja. Òmíràn ni ẹyẹ dúdú ọlọ́rùn gígùn tí àwọn Òyìnbó ń pè ní cormorant. Abẹ́ omi ni òun ti ń lé ẹja. Omi a máa wọ ìyẹ́ rẹ̀ lára, nítorí náà, bó bá ti jáde, orí kùkùté ló máa dúró sí, tí yóò na apá méjèèjì sí oòrùn bí ẹni tó ń sá aṣọ.

Èyí tí ìwà rẹ̀ yani lẹ́nu jù nínú àwọn onílé ni jacana. Ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń rìn lórí ewé òṣíbàtà láìrì sínú omi. Akọ rẹ̀ ló ń sàba lé ẹyin, akọ náà ló sì ń tọ́ ọmọ. Bí ewu bá dé, yóò kó àwọn ọmọ sí abíyá, yóò sì gbé wọn sá lọ, tí ẹsẹ̀ wọn yóò máa rọ̀ jọ̀jọ̀ nísàlẹ̀. Abo ní tirẹ̀ lè ní ju ọkọ kan lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Pẹ́pẹ́yẹ igbó olójú funfun kan wà pẹ̀lú tó máa ń ké bí ẹni tó ń súfèé bó bá ń fò. Òru ló sábà máa ń jẹun, nítorí náà, òwúrọ̀ ni èèyàn máa ń bá a níbi tó ti ń sinmi.

Àárín àwọn onílé wọ̀nyí ni àlejò máa ń wà. Ẹyẹ kékeré kan wà tó máa ń sáré létí omi, tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí bí àwọ̀ ilẹ̀, tí ikùn rẹ̀ funfun, tí ìdí rẹ̀ kì í sì í dúró jẹ́ẹ́. Á máa gbọ̀n ọ́n sókè sódò bí ẹni tí ìlù ń pè. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é ni common sandpiper. Ẹyẹ yìí kì í yé ẹyin rárá ní Nàìjíríà. Etí odò ilẹ̀ Yúróòpù àti Éṣíà ló ti ń pamọ. Láti oṣù kẹjọ ni àwọn àkọ́dé rẹ̀ ti ń dé, tí wọn yóò sì wà níhìn-ín títí di nǹkan bí oṣù kẹrin. Ìbátan rẹ̀ kan, wood sandpiper, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ní tótòtó funfun, ń wá láti àwọn àbàtà Sweden, Finland àti Rọ́ṣíà. Ẹ̀kẹta ni yellow wagtail, ẹyẹ tẹ́ẹ́rẹ́ tí àyà rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè. Ẹsẹ̀ màlúù ló máa ń sáré tẹ̀ lé kó lè gbé kòkòrò tí màlúù bá tú jáde nínú koríko.

Ìtẹ́ ló ń fi onílé hàn yàtọ̀ sí àlejò. Onílé a máa kọ́ ilé, a máa yé, a máa pamọ. Àlejò láti Yúróòpù kì í kọ́ ilé síhìn-ín. Oúnjẹ àti ìsinmi ló bá wá. Kì í ṣe òtútù nìkan ló ń lé e kúrò ní ilé, nítorí ìyẹ́ ara rẹ̀ lè gba òtútù díẹ̀ mọ́ra. Ebi ni. Bí ọjọ́ bá ti ń kúrú ní àríwá ayé, tí ewé ń wọ́ lórí igi, tí omi ń dì, kòkòrò a di ohun àwátì. Ẹyẹ tí kì í jẹ ohun mìíràn kò ní ju kó lọ tàbí kó kú. Ohun tó sì ń dá a padà ni pé, bí ẹ̀ẹ̀rùn Yúróòpù bá dé, ọjọ́ a gùn gan-an, kòkòrò a pọ̀, àyè a sì gba ẹyẹ láti fi wákàtí púpọ̀ wá oúnjẹ fún ọmọ. Àjò kì í dùn kí onílé má relé.

Ọ̀sán: àwọn tó ti Òkè Ọya wá

Kì í ṣe gbogbo àlejò ló ti òkè òkun wá. Àwọn kan wà tí ìrìn àjò wọn kò kọjá ilẹ̀ Áfíríkà, tí gbogbo Yorùbá sì mọ̀ dáadáa. Lékeléke ni àkọ́kọ́ wọn. Kò sí ọmọ Yorùbá kan tó dàgbà ní ìgbèríko tí kò nawọ́ sí lékeléke rí pé kó fún òun ní èékánná funfun. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ló béèrè ibi tí ẹyẹ náà ń lọ bí òjò bá dé. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ń padà sí Òkè Ọya, títí dé etí aṣálẹ̀, nítorí ìgbà òjò ni tata àti kòkòrò pọ̀ níbẹ̀, ìgbà náà ni wọ́n sì ń pamọ. Bí ilẹ̀ bá gbẹ níbẹ̀, wọn a tún sọ̀ kalẹ̀ wá sí gúúsù. Ìdí nìyí tí lékeléke fi máa ń pọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá láti nǹkan bí oṣù kọkànlá títí di ìgbà tí òjò bá tún fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ẹyẹ yìí kì í bẹ̀rù ọ̀nà jíjìn. Ní ìparí àwọn ọdún 1800, àwọn kan nínú wọn ti rékọjá òkun Àtìláńtíìkì dé Gúúsù Amẹ́ríkà, láti ibẹ̀ ni wọ́n sì ti tàn kálẹ̀ dé Amẹ́ríkà ti òkè.

Àwòdì ni èkejì. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló máa ń pọ̀ ní gúúsù, bí òjò bá sì ti ń le, ọ̀pọ̀ nínú wọn a tún gba Òkè Ọya lọ. Níbi tí wọ́n bá ti ń sun igbó, ibẹ̀ ni èèyàn yóò ti rí i tó ń rà bàbà lókè iná, tó ń retí tata àti eku tó bá sá jáde. Òwe kan sọ pé àwòdì tó ń re Ìbarà, ẹ̀fúùfù ta á nídìí pẹ́ẹ́, ó ní iṣẹ́ kúkú yá. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti wá fìdí ọgbọ́n inú òwe yìí múlẹ̀. Ẹyẹ tó ń rin ọ̀nà jíjìn kì í fò nígbàkúùgbà, ńṣe ló máa ń dúró de afẹ́fẹ́ tí yóò ti í lẹ́yìn. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ tó ń fẹ́ láti aṣálẹ̀ bọ̀ wá sí gúúsù jẹ́ ọ̀kan lára ohun tó ń ran àwọn ẹyẹ tó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́wọ́.

Ẹni tó bá ní sùúrù títí di ọ̀sán tún lè rí osprey, ẹyẹ ńlá tó jọ àṣá, tí ikùn rẹ̀ funfun, tí ilà dúdú sì gba ojú rẹ̀ kọjá. Ẹja nìkan ni oúnjẹ rẹ̀. Yóò fò yí ká lókè adágún, yóò dúró lójú kan, yóò sì bọ́ sínú omi pẹ̀lú ẹsẹ̀ níwájú. Ọ̀pọ̀ osprey tí wọ́n fi òrùka sí lẹ́sẹ̀ ní Sweden àti Finland ló ń lo ìgbà òtútù wọn ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Àwọn ọ̀dọ́ inú wọn kì í tilẹ̀ padà sílé lọ́dún àkọ́kọ́. Wọ́n á dúró síhìn-ín títí wọn yóò fi gbó.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé àjò ni ẹyẹ ń lọ?

Láyé àtijọ́, àwọn ará Yúróòpù kò mọ ibi tí ẹyẹ wọn ń wọlé sí. Aristotle, ọlọ́gbọ́n ilẹ̀ Gíríìsì, gbà pé àwọn ẹyẹ kan máa ń fara pamọ́ sínú ihò títí òtútù yóò fi lọ, àti pé àwọn mìíràn ń parọ̀ di ẹyẹ mìíràn. Ohun tó tú àṣírí náà ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1822. Ní ìtòsí ìlú Klütz ní Jámánì, wọ́n yìnbọn pa ẹyẹ stork kan, wọ́n sì bá ọ̀kọ̀ kan tó gùn tó nǹkan bí 80 sẹ̀ǹtímítà ní ọrùn rẹ̀. Igi tí wọ́n fi ṣe ọ̀kọ̀ náà jẹ́ igi ilẹ̀ Áfíríkà. Ọdẹ kan ní Áfíríkà ló ju ọ̀kọ̀ lu ẹyẹ yìí, ẹyẹ náà kò kú, ó sì gbé ọ̀kọ̀ lọ́rùn fò padà dé Jámánì. Títí dòní, ó wà ní Yunifásítì Rostock, níbi tí wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí.

Ní ọdún 1899, olùkọ́ kan ní ìlú Viborg ní Dẹ́ńmáàkì, Hans Christian Cornelius Mortensen, fi òrùka alumíníọ̀mù tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀ sí ẹsẹ̀ ẹyẹ starling 165. Báyìí ni iṣẹ́ fífi òrùka sí ẹyẹ lẹ́sẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ ní ìlànà tí wọ́n ń lò dòní. Ẹnikẹ́ni tó bá rí irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ níbikíbi, tó sì kọ nọ́ńbà náà ránṣẹ́, ti sọ ibi tí ẹyẹ dé.

Ìbéèrè tó kù ni bí ẹyẹ ṣe ń mọ ọ̀nà. Ẹyẹ a máa lo oòrùn lọ́sàn-án, a máa lo ìràwọ̀ lóru, a sì máa lo agbára òòfà inú ilẹ̀ ayé. Ọ̀mọ̀wé Perdeck ará Netherlands ló ṣe ìdánwò kan tó lókìkí, tó tẹ èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 1958. Wọ́n mú ẹyẹ starling tó lé ní 11,000 nígbà tí wọ́n ń kọjá lọ, wọ́n sì fi ọkọ̀ òfuurufú gbé wọn lọ sí Switzerland kí wọ́n tó tú wọn sílẹ̀. Àwọn àgbà inú wọn mọ̀ pé wọ́n ti gbé àwọn kúrò lójú ọ̀nà, wọ́n ṣẹ́rí, wọ́n sì gba apá ibi tí wọ́n ti ń lọ tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ ẹyẹ tí kò tíì rin ọ̀nà náà rí ń fò lọ ní apá tí wọ́n dojú kọ tẹ́lẹ̀, wọ́n sì bá ara wọn ní gúúsù Faransé àti Sípéènì. Èyí fi hàn pé wọ́n bí apá ibi tí ẹyẹ yóò kọjú sí mọ́ ọn ni, ṣùgbọ́n ibi tí yóò dúró sí, ìrìn ló ń kọ́ ọ. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti wáyé ní Nàìjíríà náà. Ní ẹ̀yìn ìlú Jos, níbi tí ilé-ẹ̀kọ́ ìwádìí ẹyẹ A. P. Leventis wà lábẹ́ Yunifásítì Jos, àwọn onímọ̀ fi ẹ̀rọ tíńtín tí kò wúwo tó gíráàmù kan sí ẹ̀yìn ẹyẹ kékeré tí wọ́n ń pè ní whinchat. Ẹyẹ yìí ń lọ pamọ ní Yúróòpù, ó sì ń padà wá. Ohun tí wọ́n rí ni pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò kàn padà sí Nàìjíríà lásán. Orí ilẹ̀ kan náà tí wọ́n lò lọ́dún tó kọjá ni wọ́n padà sí.

Èyí ló yẹ kí ẹni tó ń gbé lẹ́bàá adágún fi sọ́kàn. Ó ṣeé ṣe kí ẹyẹ kékeré tó ń gbọ̀n ìdí létí omi lọ́dún yìí jẹ́ ẹyẹ kan náà tó wà níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Bó bá sì padà dé tó bá ibẹ̀ ti di ilẹ̀ gbígbẹ, kò ní ilé mìíràn tó mọ̀.

Ìrọ̀lẹ́: ogunlọ́gọ̀ alápàńdẹ̀dẹ̀

Láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ títí di ìgbà tí ilẹ̀ bá ṣú ni àkókò kejì tó dára láti wo ẹyẹ. Ìgbà yìí ni alápàńdẹ̀dẹ̀ máa ń fò lọ fò bọ̀ lókè omi, tí wọ́n ń gbé kòkòrò nínú afẹ́fẹ́. Alápàńdẹ̀dẹ̀ tó jẹ́ onílé ló ń fi ẹrẹ̀ mọ ilé sí abẹ́ òrùlé àti abẹ́ afárá. Ṣùgbọ́n ẹ̀yà kan wà tí iwájú orí àti ọ̀fun rẹ̀ pọ́n, tí ìrù rẹ̀ ya sí méjì tó gùn tẹ́ẹ́rẹ́, tí kì í mọ ilé kankan níhìn-ín. Àlejò láti Yúróòpù nìyẹn. Kò wúwo ju nǹkan bí 20 gíráàmù lọ, bẹ́ẹ̀ ó ti kọjá Òkun Mẹditaréníà àti aṣálẹ̀ Sàhárà. Ọ̀rá tí ẹyẹ arìnrìn-àjò kó sára kó tó gbéra ni epo ọkọ̀ rẹ̀. Àwọn ẹyẹ kéékèèké kan a máa jẹun títí ara wọn yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo ní ìlọ́po méjì.

Ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà náà ni ọ̀kan lára ibùsùn alápàńdẹ̀dẹ̀ tó tóbi jù lọ ní Áfíríkà wà, ní Ebbaken, ìjọba ìbílẹ̀ Boki, ìpínlẹ̀ Cross River. Àwọn onímọ̀ ṣírò pé wọ́n tó mílíọ̀nù kan ààbọ̀ tí wọ́n ń sùn pọ̀ nínú eèsún lórí òkè. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ará abúlé ń fi àtè mú wọn jẹ, nítorí ẹran ni wọ́n kà wọ́n sí. Ní àwọn ọdún 1990, Pierfrancesco Micheloni, onímọ̀ ẹyẹ láti Ítálì, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ẹ̀dá bá àwọn ará abúlé sọ̀rọ̀, wọ́n sì wá ohun ọ̀sìn mìíràn tí wọ́n lè fi rọ́pò. Kò sí òfin kan tó lè ṣe ohun tí ìmọ̀ àti ìjíròrò ṣe níbẹ̀.

Bí ibùdó kan bá bàjẹ́, ọ̀nà gbogbo ló bàjẹ́

Ìtàn kan wà tó fi hàn kedere bí ilẹ̀ Áfíríkà ṣe so mọ́ ẹyẹ òkè òkun. Nígbà òtútù ọdún 1968 sí 1969, ọ̀dá mú gidigidi ní ilẹ̀ tó wà ní gúúsù Sàhárà. Nígbà tí ìgbà ìpamọ dé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1969, àwọn tó máa ń ka ẹyẹ rí i pé ẹyẹ kékeré kan, whitethroat, kò padà wá bó ṣe yẹ. Nínú mẹ́rin tí wọ́n ń rí tẹ́lẹ̀, nǹkan bí ẹyọ kan ló kù. Kò sí ohun tó ṣe igbó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Áfíríkà ni wọ́n ti kú sí. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ìrìn àjò ẹyẹ dà bí ìrìn awakọ̀ tó gbọ́dọ̀ ra epo lójú ọ̀nà. Bí ilé epo kan péré bá ti kógbá wọlé níbi tí òmíràn kò sí nítòsí, ọkọ̀ yóò dúró, bó ti wù kí ibi tó ń lọ dára tó.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti le jù ni etí òkun. Àbàtà tó wà lẹ́bàá ọ̀sà Èkó, láti Lẹ́kì títí kọjá Àjáh, ni àwọn ẹyẹ etí omi ti ń jẹun láti ayébáyé, ibẹ̀ sì ni wọ́n ń da yanrìn dí láti kọ́ ilé. Ní ọdún 1990 ni ẹgbẹ́ Nigerian Conservation Foundation, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1980, ya hẹ́kítà 78 sọ́tọ̀ ní Lẹ́kì, èyí tó wà níbẹ̀ dòní láàárín àwọn ilé ńláńlá. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ilẹ̀ náà ṣe rí tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ ló kù tó lè lọ.

Àdéhùn àgbáyé kan wà fún irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n fọwọ́ sí ní ìlú Ramsar ní orílẹ̀-èdè Iran ní ọjọ́ kejì oṣù kejì ọdún 1971. Nàìjíríà ní ibùdó 11 lábẹ́ àdéhùn náà, láti Nguru ní Òkè Ọya dé Apoi Creek ní ìpínlẹ̀ Bayelsa. Kò sí ẹyọ kan nínú ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ Yorùbá. Bẹ́ẹ̀, ní òdìkejì ibodè, orílẹ̀-èdè Benin ti fi ọ̀sà Àjàṣẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo, àti adágún Nokoué sábẹ́ rẹ̀ láti ọdún 2000. Omi kan náà ni ẹ̀dá ń fò lé lórí, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kan ní ìwé, ẹ̀gbẹ́ kejì kò ní.

Bí àbàtà etí òkun bá ń dínkù, adágún inú ilẹ̀ bíi ti Èkó-Ẹndẹ a túbọ̀ ṣe pàtàkì fún ẹyẹ tó bá fẹ́ omi tútù. Ohun tó sì ń ba irú adágún bẹ́ẹ̀ jẹ́ kò ṣòroó mọ̀. Bí wọ́n bá ro oko dé ẹnu omi gan-an, òjò a gbá iyẹ̀pẹ̀ wọ inú rẹ̀, adágún a sì máa kún fún ilẹ̀ dípò omi. Oògùn apakòkòrò tí wọ́n fọ́n sí oko a ṣàn wọlé. Àwọn apẹja kan ní odò Nàìjíríà a máa da Gamalin sínú omi kí ẹja lè léfòó. Májèlé yìí kì í dá dúró lára ẹja. Ẹyẹ tó jẹ ẹja náà a gbà nínú rẹ̀, èèyàn tó rà á lọ́jà náà a gbà nínú rẹ̀. Koríko àti ìpadò etí omi ló ń sẹ́ ìdọ̀tí kó tó dé inú adágún. Ibẹ̀ kan náà ni ẹyẹ ń sá sí. Ẹni tó bá gé e kúrò ti gé asẹ́ omi ara rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ wo ẹyẹ

Iṣẹ́ yìí kò ná ni lówó púpọ̀. Awò awọ̀nàjíjìn dára bí ó bá wà, ṣùgbọ́n ojú lásán àti sùúrù tó láti bẹ̀rẹ̀. Aṣọ tó bá dà bí ewé tàbí ilẹ̀ ló yẹ, nítorí pupa àti funfun a máa lé ẹyẹ sá. Ó yẹ kí èèyàn kọ́kọ́ kí àwọn ará abúlé àti àwọn tó ń ṣọ́ dáàmù, nítorí ibi tí wọ́n ti ń fún ìlú lómi kì í ṣe ibi tí èèyàn kàn ń yà sí láìgba àṣẹ. Ọdẹ àti apẹja àdúgbò ni olùkọ́ tó dára jù, torí wọ́n mọ ibi tí ẹyẹ kọ̀ọ̀kan ń sùn àti ọjọ́ tó ń dé.

Nǹkan méjì ni kí èèyàn ṣọ́ra fún. Èkínní, kí ó má ṣe wọ inú omi tó dúró láìwọ bàtà gígùn, nítorí ìgbín inú irú omi bẹ́ẹ̀ lè gbé àtọ̀sí ajá. Èkejì, kí ó má ṣe fọwọ́ kan ẹyẹ tó kú. Oṣù kejì ọdún 2006 ni wọ́n kọ́kọ́ rí àrùn ẹyẹ H5N1 ní Áfíríkà, nínú oko ọ̀sìn adìẹ kan ní ìpínlẹ̀ Kàdúná. Ẹni tó bá rí ẹyẹ púpọ̀ tó kú lójú kan, àwọn oníṣẹ́ ìlera ẹran ló yẹ kó sọ fún. Bí òrùka bá wà lẹ́sẹ̀ ẹyẹ, nọ́ńbà ara rẹ̀ ni kó kọ sílẹ̀.

Ohun tó wúlò jù ni kíkọ sílẹ̀: ọjọ́, aago, ibi, irú ẹyẹ àti iye wọn. Láti ọdún 1967 ni wọ́n ti ń ka ẹyẹ omi káàkiri ayé ní oṣù kìíní ọdún kọ̀ọ̀kan. Láti ọdún 2002 ni Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà sì ti dá eBird sílẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè fi fóònù fi ohun tó rí ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọjọ́ àwọn ẹyẹ arìnrìn-àjò lágbàáyé, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2006, ni wọ́n ń ṣe ní oṣù karùn-ún àti oṣù kẹwàá, èyí tó bọ́ sí àkókò tí àwọn ẹyẹ ń dé sí ilẹ̀ Yorùbá. Olùkọ́ kan tó bá kó ọmọ ilé-ìwé rẹ̀ lọ sétí omi lẹ́ẹ̀kan lóṣù, tó sì ń jẹ́ kí wọ́n kà, ti bẹ̀rẹ̀ àkọsílẹ̀ tí ó ṣeé ṣe kí ìlú nílò lọ́jọ́ iwájú.

Ìdí ni pé ohun tí ẹnikẹ́ni kò kà, ẹnikẹ́ni kì í mọ ìgbà tó dínkù. Àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ pé whitethroat kú nítorí pé wọ́n ti ń kà á tẹ́lẹ̀. Bí ẹyẹ etí omi Ọ̀tìn bá dínkù lọ́la, ìwé tí yóò fi hàn gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ lónìí. Kì í sì í ṣe ẹyẹ nìkan ni ìwé náà yóò jẹ́rìí fún. Ẹyẹ a máa tètè kúrò níbi tí omi ti ń bàjẹ́, kí ẹnu èèyàn tó tọ́ ọ wò. Ní oṣù kẹta sí oṣù kẹrin, bí òjò bá ti ń ṣú dẹ̀dẹ̀, àwọn àlejò yóò jẹun yó, wọn yóò dúró de afẹ́fẹ́, wọn yóò sì kọrí sí ilé. Èyí tó bá yè nínú wọn yóò tún padà ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn, yóò sì wá ibi tó fi omi sí.